Ọ̀YỌ́ ILÉ KÌ Í ṢE ILÉ ẸRANKO NÌKAN

Bí a bá dárúkọ Ọ̀yọ́ lónìí, ìlú tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí ní Àgọ́ Ọjà ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí, nítorí pé ibẹ̀ ni adé àti ìtẹ́ wà. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ Ilé, ìyá ìlú náà, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, wà ní ìhà àríwá, nínú igbó ọba tí ìjọba àpapọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1991. Igbó náà fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Inú wa dùn pé a dá ẹfọ̀n àti ẹtu sí níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa rò ni pé ahoro ìlú tí ó wà nínú igbó yìí níye lórí ju gbogbo ẹranko tí ó ń jẹ̀ ní àyíká rẹ̀ lọ.

Ní January 1826 ni òyìnbó kan, Hugh Clapperton, àti Richard Lander ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ ìlú náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ ni ó yí i ká, pé yàrà wà lẹ́yìn odi, àti pé àyíká ìlú náà tó máìlì 15. Ó rí ilẹ̀kùn àti òpó ilé tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọnà sí: òjòlá tí ó ń pa ẹtu, àti àwọn jagunjagun pẹ̀lú àwọn onílù wọn. Wọ́n fi egúngún ṣe é lálejò. Ọ̀kan nínú àwọn eléégún náà jáde ní àwọ̀ òyìnbó, ó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí, àwọn ará ìlú sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá rò pé àwọn aláwọ̀ funfun ni ó kọ́ wa ní eré orí ìtàgé, kí ó lọ ka èyí.

Agbára Ọ̀yọ́ kò kéré. Láti 1730 ni Dàhómì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin, kò sì kọ̀ ọ́ títí di lẹ́yìn 1820. Síbẹ̀, ọba kò dá ìlú ṣe. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí Baṣọ̀run ṣe olórí wọn, lè fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí ọba tí ó bá di aninilára. Ọba tí ó bá sì ṣí igbá náà mọ̀ pé ọjọ́ òun ti pé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú Baṣọ̀run fúnra rẹ̀? Samuel Johnson sọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ọba mẹ́rin ni Baṣọ̀run Gáà pa, kí Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Lẹ́yìn Abíọ́dún, Àfọ̀njá, tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀yìn sí Ọ̀yọ́ láti Ìlọrin. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1835, ìlú ńlá náà ti túká. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀kọ́ yìí kò tíì gbó: òfin tí ó de ọba ní láti de àwọn tí ó ń ṣọ́ ọba pẹ̀lú.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà síbẹ̀. Àmì odi náà hàn nínú igbó, àpáàdì ìkòkò fọ́n ká ilẹ̀, ojú ibi tí àwọn ìyá wa ti ń lọ nǹkan sì wà lára àpáta. Frank Willett ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1956 sí 1957. Robert Soper àti Babatunde Agbaje-Williams sì tún ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1995 ni ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ Ọ̀yọ́ Ilé ránṣẹ́ sí UNESCO pé ó yẹ ní ibi àjogúnbá fún gbogbo ayé. Orúkọ nìkan kò tó. Ìtọ́jú ni ó ń sọ ahoro di ohun ìyangàn.

Nítorí náà, a rọ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n la ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, kí wọ́n fi àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó tó síbẹ̀, kí wọ́n fi àmì sí ojú odi àti ààfin ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì kọ́ àwọn afinimọ̀nà tí ó mọ ìtàn, kì í ṣe àwọn tí ó mọ ẹsẹ̀ ẹranko nìkan. Kí a má ṣe jẹ́ kí àlejò kó àpáàdì kan ṣoṣo lọ sílé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ béèrè fún àyè láti kó àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin olùdìbò, nígbà tí àwọn tí ó ń du ipò bá wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí Ọ̀yọ́ Ilé, kí ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀.