Sísan owó ààbò àwùjọ fún àwọn tó ń gbé ní òkè òkun

Sísan owó ààbò àwùjọ fún àwọn tó ń gbé ní òkè òkun ni ètò tí orílẹ̀-èdè kan fi ń san owó ìfẹ̀yìntì, owó opó àti irú owó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó ti ṣí lọ sí ibòmíràn. Àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè ló sábà máa ń pinnu bí sísan náà yóò ṣe rí. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí àdéhùn ń ṣe

Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ dá owó sí ètò orílẹ̀-èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń jẹ́ kí a ro ọdún iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀, kí iye ọdún tí òfin béèrè lè pé. Ó sì lè dáàbò bo owó náà lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín bá ti kúrò nílùú. Àjọ ILO fi ìlànà lélẹ̀ lórí èyí nínú Àdéhùn 118 ti ọdún 1962 àti Àdéhùn 157 ti ọdún 1982.

Láti Ìlú Ọba sí Ọbaníkòró

Lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, ó kéré tán, ọdún 10 ni ènìyàn gbọ́dọ̀ fi dá owó kí ó tó rí owó ìfẹ̀yìntì gbà ní Ìlú Ọba. Ọdún 35 ló sì sábà máa ń mú un gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. A lè san owó yìí fún un níbikíbi tó bá ń gbé. Àmọ́ àfikún ọdọọdún kì í dé gbogbo ibi. Ó ń dé Jàmáíkà, Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Kì í dé Nàìjíríà. Kánádà pàápàá ní àdéhùn pẹ̀lú Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n àfikún kò sí nínú rẹ̀.

Bí àpẹẹrẹ, bí nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì ní London bá padà wá gbé ní Ọbaníkòró, ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ní agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ £150 lọ́sẹ̀ nígbà tó dé, £150 náà ni yóò máa gbà ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Owó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró sí London yóò ti lọ sókè. Bí ó bá padà lọ gbé níbẹ̀ pátápátá, a ó san iye tó wà lóde fún un. Bí ó bá kàn lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀, àsìkò àbẹ̀wò náà nìkan ni yóò rí àfikún gbà.

Àwọn olùfẹ̀yìntì kan gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Ilé-ẹjọ́ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Carson. Ní ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ náà dá ìjọba láre.

Amẹ́ríkà

Ítálì ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ bá ṣe irú àdéhùn yìí, ní ọdún 1978. Kò tíì bá orílẹ̀-èdè Áfríkà kankan ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó ṣiṣẹ́ ọdún 6 níbẹ̀ kò lè fi ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà kún un láti pé ọdún 10 tí òfin sábà máa ń béèrè fún owó ìfẹ̀yìntì.

Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà

Benin àti Tógò wà nínú àjọ CIPRES, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Lomé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè inú àjọ náà fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 2006 wà fún ríro ọdún iṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 2013, ECOWAS gba àdéhùn gbogboogbò tirẹ̀ wọlé fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣí láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ní agbègbè náà.