Orúkọ Ara Táńkì

Bí ọkọ̀ Míkrà, takisí ìlú Ìbàdàn, bá ti kúrò ní Dùgbẹ̀, tó gba ọ̀nà Magazine wọ Jẹ́ríkò, ariwo ọjà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Igi á pọ̀ sí i, ilé á jìnnà síra wọn, ògiri á ga. Ibí yìí ni àwọn òyìnbó amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún ara wọn láyé ìjọba wọn. Lónìí, òǹtẹ̀wé ló sọ ibẹ̀ di ibùjókòó: University Press nínú ilé Three Crowns, Evans, HEBN, gbogbo wọn ń bẹ ní Jẹ́ríkò, débi pé ọ̀pọ̀ ìwé tí ọmọ ilé-ìwé ń gbé káàkiri Nàìjíríà, àdúgbò yìí ló ti jáde. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, FRIN, wà lórí òkè rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn á tún rí ohun tí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kì í fiyè sí: àmì roboto kan tó ní eyín yípo, aláwọ̀ búlúù àti wúrà, lára ọ̀pá etí ọ̀nà, lára ògiri ilé-ìwé, lára táńkì omi. Àmì ẹgbẹ́ Rotary nìyẹn. Níbòmíràn, orí kìnnìún méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, èkejì kọjú sósì. Ti ẹgbẹ́ Lions nìyẹn. Mo tẹ̀lé àwọn àmì wọ̀nyí láti fojú ara mi rí iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú méjèèjì yìí ń ṣe fún ìlú, àti ọ̀nà tí owó iṣẹ́ náà ń gbà jáde.

Ibi tí mo kọ́kọ́ yà sí ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ilé ńláńlá ti ń parí, tí òrùlé páànù tó ti dógùn-ún ti ń bẹ̀rẹ̀. Òpó irin gbé táńkì dúdú méjì dúró, páńẹ̀lì sọ́là wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin sì yọ sí ìta ọgbà, kí ará àdúgbò lè pọnmi láìwọ inú ilé-ìwé. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ ronú. Bó bá jẹ́ inú ọgbà nìkan ni ẹnu ẹ̀rọ wà, ọjọ́ tí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé ni omi àdúgbò tán.

Ẹ̀yìn táńkì ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ti ọmọbìnrin lọ́tọ̀, ti ọmọkùnrin lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn ti ọmọbìnrin sì ní ìkọ́ láti inú. Olùkọ́ kan ṣàlàyé pé kí wọ́n tó kọ́ ọ, àwọn ọmọbìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ ní kíláàsì òkè máa ń jókòó sílé bí nǹkan oṣù wọn bá dé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń fi yangàn, ṣùgbọ́n òun gan-an ni iṣẹ́ ìlú tí Rotary kọ́kọ́ ṣe láyé. Ní 1905 ni agbẹjọ́rò kan, Paul Harris, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Chicago. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà kí ìlú náà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí tolówó tòtòṣì lè lò.

Lára táńkì ni wọ́n kọ orúkọ sí: orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ ààrẹ tó wà lórí oyè nígbà náà, nọ́ńbà fóònù, àti ọdún. Ọdún náà kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni wọ́n kọ tẹ̀ léra wọn, nítorí pé ọjọ́ kìíní oṣù Keje ni ọdún Rotary ń bẹ̀rẹ̀, 30 oṣù Kẹfà ló sì ń parí. Bó ṣe rí ní Jẹ́ríkò náà ló rí ní gbogbo àgbáyé. Ààrẹ kan, ọdún kan. Bí wọ́n bá ti wúyè fún ẹni tuntun lóṣù Keje, ó ti ń sá eré: kó kówó jọ, kó wá ibi tí yóò gbẹ́ kànga sí, kó sì ṣí i kí oṣù Kẹfà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn.

Ètò yìí ló jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀, òun náà ló sì ń pa iṣẹ́ lára. Ta ni yóò fi ọdún tirẹ̀ tún ẹ̀rọ tí ààrẹ àná ṣe ṣe, nígbà tí kò sẹ́ni tí yóò pe àtúnṣe ní iṣẹ́ rẹ̀? Àwọn kan máa ń fi orúkọ ara táńkì ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹni tó ń ṣàánú kì í lu agogo. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ní ìlú tí ẹ̀rọ omi aláìlórúkọ ti pọ̀, tí ìjọba kan gbẹ́ ẹ tí ìjọba tó tẹ̀ lé e kò bèèrè rẹ̀ mọ́, orúkọ yẹn ni ìdógò tí aláàánú fi sílẹ̀ lọ́wọ́ àdúgbò. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi níbí jóná, ẹ̀ṣọ́ ilé-ìwé tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ pe nọ́ńbà náà. Ẹni tó gbé e ti kúrò lórí oyè, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lójú táńkì fún gbogbo ayé láti kà. Ó rán ẹni tó máa tún un ṣe wá. Ohun tí òfin kò lágbára láti fi ipá mú ènìyàn ṣe, ìtìjú lè mú un ṣe é.

Láti ibẹ̀, mo gba ọ̀nà Ìdí-Iṣin, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ta kánópì fún àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́. Àwọn ìyá ọjà ti tò kí oòrùn tó mú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ní ìsọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ ṣí. Ètò náà lọ ní tábìlì tábìlì: wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á wọn ìwúwo, wọ́n á wo ìfúnpá, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ kékeré gún ọmọ-ìka láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

"Màmá, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ó kà á tán," ni nọ́ọ̀sì ń tẹnu mọ́, nítorí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ìfúnpá rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Màmá dákẹ́, ó yí ojú sí aládùúgbò rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tú ìgbànú apá náà, ó tún un so.

Tábìlì tí èrò pọ̀ sí jù ni ti ojú. Fún ẹni tó mọ̀wé, wọ́n gbé lẹ́tà ńlá àti kékeré kọ́ sára òpó. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ìyá àgbà kan gbé awò kan sójú, ó ju òwú síhòó abẹ́rẹ́, kò wọlé. Ó gbé òmíràn, kò wọlé. Ẹ̀kẹta ló gbé sójú tí òwú fi wọlé ní ìju kan ṣoṣo, ni gbogbo ìlà bá pàtẹ́wọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ ojú, àwọn Lions ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di iṣẹ́ láti 1925, nígbà tí Helen Keller, obìnrin afọ́jú tó tún jẹ́ adití, lọ bá wọn ní àpéjọ wọn ní Ohio, tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba ìjà àwọn afọ́jú jà.

Awò ojú máa ń yanjú ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í yanjú bẹ́ẹ̀. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì kò lè kápá àìsàn tí ènìyàn yóò máa gbé kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n máa wo tábìlì ìkẹyìn ju àwọn yòókù lọ, ibi tí wọ́n ti ń kọ ìwé fún ẹni tí tirẹ̀ le, kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ìwé yẹn kò ṣe é yà ní fọ́tò bíi kánópì, ṣùgbọ́n òun ni yóò jẹ́ kí iṣẹ́ òní ní ọ̀la.

Bí àwọn ẹgbẹ́ Rotary ṣe ń ṣe ìpàdé tún jẹ́ ìran ọ̀tọ̀. Ààrẹ a lu agogo, wọn a kọ orin orílẹ̀-èdè, wọn a sì jókòó sọ́rọ̀. Ẹnìkan wà tí wọ́n ń pè ní sájẹ́ǹtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bu owó ìtanràn lé ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó gbàgbé báàjì rẹ̀ sílé, ẹni tí fóònù rẹ̀ dún. Sájẹ́ǹtì ọjọ́ tí mo lọ kò ju ẹni tó lè jẹ́ ọmọ àwọn tó ń bá wí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá kan tó ti rewú, ó dìde, ó sì bu owó lé e nítorí pé ó pẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sanwó. Ẹlòmíràn dìde, ó sanwó láìṣẹ̀, nítorí inú rẹ̀ dùn pé ọmọ rẹ̀ jáde ní yunifásítì. Owó kéékèèké wọ̀nyí ń kún àpò. Àwọn obìnrin kò kéré nínú gbọ̀ngàn, wọ́n sì ń darí ìgbìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ó di 1989 kí Rotary tó ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin jákèjádò ayé, ó sì di 2022 kí obìnrin àkọ́kọ́, Jennifer Jones ará Kánádà, tó di ààrẹ àgbáyé.

Owó ńlá kì í ti ìtanràn wá. Alẹ́ ìkówójọ ló ń mú un wá. Wọ́n tẹ́ tábìlì gíga, wọ́n pe alága ọjọ́, olùfilọ́lẹ̀ àgbà, ìyá ọjọ́. Onílù kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́: bí atọ́kùn ètò bá ti pe orúkọ ènìyàn, ìlù ti gbé oríkì rẹ̀, kí onítọ̀hún tó dé iwájú, iye tó fẹ́ dá á ti lé sí i. Wọ́n ta tábìlì fún ilé-iṣẹ́, wọ́n ta ojú ewé inú ìwé ètò fún ìpolówó. Àwọn kan fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, ìró ìfitónilétí báńkì sì ń dún láàárín ìlù. Àwọn mìíràn kọ ẹ̀jẹ́ sórí ìwé. Akápò kan jẹ́ kó yé mi pé ẹ̀jẹ́ kì í ṣe owó títí yóò fi wọlé, pé òun kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀jẹ́ ra ẹyọ páìpù kan.

Òfin wà lórí owó yìí. Ní ti Lions, owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ará ìlú, ìlú ló gbọ́dọ̀ padà sí. Owó tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé àti oúnjẹ, àpò ara wọn ló ti ń jáde. Ní ti Rotary, ẹni tí 1,000 dọ́là bá wọlé sí àpò Rotary Foundation lórúkọ rẹ̀, wọn á fi báàjì Paul Harris dá a lọ́lá. Iye dọ́là náà kò yí, náírà ló ń yí, báàjì kan náà sì ti wá wọ́n ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Fún iṣẹ́ ńlá, àwọn ẹgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ìṣirò iṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ dín ní 30,000 dọ́là, kí Foundation tó lè bá wọn dá sí i.

Bí a bá fẹ́ mọ bí orúkọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àánú, ẹ jẹ́ kí á wo rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní 1985 ni Rotary gbé ètò PolioPlus kalẹ̀. Ní 1988, tí àjọ ìlera àgbáyé dara pọ̀ mọ́ wọn, orílẹ̀-èdè bíi 125 ni àrùn náà ń dà láàmú, nǹkan bí 350,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọdé, ló sì ń kọ lù lọ́dọọdún. Ní oṣù Keje 2003, agbẹjọ́rò Jonathan Majiyagbe láti Kánò di ààrẹ Rotary lágbàáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya dá àjẹsára náà dúró, nítorí àhesọ pé oògùn àìrọ́mọbí ló wà nínú rẹ̀. Kánò ló pẹ́ jù. Àrùn náà ti ibẹ̀ tàn dé orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ètò tún bẹ̀rẹ̀ ní 2004, gómìnà Kánò gbé ọmọ tirẹ̀ jáde kí wọ́n kán an sí i lẹ́nu lójú gbogbo ènìyàn. Oògùn tí ará ìlú kò fọkàn tán, ọmọ tí wọ́n mọ orúkọ bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á. Ní 25 oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn náà tó jẹ́ ti àdáyébá, èyí tí wọ́n ń pè ní wild poliovirus, ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Áfíríkà.

Nítorí náà, bí káàdì ìkówójọ bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò jókòó sí tábìlì gíga. Ẹ bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ibi tó wà, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá lè mú yín débẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ sì bá omi nínú ẹ̀rọ, ẹ dáwó fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín gàdàgbà. Ẹ̀yin náà ti fi ìdógò sílẹ̀ nìyẹn.