Ìwúwo àti Àyè: Bí a Ṣe Ń Ṣírò Èlò Oúnjẹ Gbígbẹ

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, wọ̀n, ni Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ méjì. Ìyá onígàrí tí ó ń bu gàrí sínú kóńgò ń wọn gàrí; ẹni tí ó gbé ìrẹsì lé orí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ń wọn ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì ń wá yàtọ̀. Àyè tí gàrí gbà ni kóńgò ń sọ. Bí ìrẹsì ti wúwo tó ni òṣùwọ̀n ń sọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ń dúró fún méjèèjì, ó rọrùn láti rò pé iye kan wà tí ó lè sọ ọ̀kan di èkejì fún gbogbo oúnjẹ. Kò sí irú iye bẹ́ẹ̀.

Omi kò ní wàhálà: ìwúwo lítà 1 omi jẹ́ kílò 1. Ohun gbígbẹ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ wà láàrin hóró kan àti èkejì. Nínú ife àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ó ń gba nǹkan bí mìlílítà 240, ṣúgà oníhóró máa ń tó gíráàmù 200, iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú sì máa ń tó nǹkan bí 290. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n fi ajọ̀ jọ̀ kò ju nǹkan bí 120 lọ. Bí wọ́n bá ki ife náà bọ inú àpò ìyẹ̀fun yìí kan náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè tó 150. Ife kò yí padà, ìyẹ̀fun kò yí padà. Ọwọ́ tí ó bù ú ni ó yàtọ̀. Ìdí nìyí tí Fannie Farmer, nínú ìwé oúnjẹ sísè rẹ̀ tí ó jáde ní Boston ní ọdún 1896, fi tẹnu mọ́ ọn pé kí alásè máa gbá ojú ife àti ṣíbí tẹ́jú.

Àṣìṣe mìíràn ti inú orúkọ wá. Áúnsì méjì ni ó wà: ọ̀kan ń wọn àyè ohun olómi, èkejì ń wọn ìwúwo. Ife Amẹ́ríkà 1 jẹ́ áúnsì 8 ti ohun olómi. Alásè tí ó bá rí áúnsì 8 ìyẹ̀fun nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè torí èyí bu ife 1 péré. Ṣùgbọ́n ìwúwo ni ìwé náà ń sọ, nǹkan bí gíráàmù 227, èyí tí ó súnmọ́ ife 2. Kéèkì tí ó bá fi ife 1 pò yóò máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu.

Lọ́jà, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n ti ọdún 1974 fi kílò àti lítà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, síbẹ̀ kóńgò kò kúrò lọ́jà. Kóńgò ìlú kan kì í sábà bá ti ìlú mìíràn dọ́gba, òmíràn sì wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kí ó má baà gbà tó bí ó ti yẹ. Òkìtì orí kóńgò àti ènì kò sí nínú ìṣirò kankan, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára ohun tí oníbàárà ń torí rẹ̀ sanwó. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó kóńgò wé owó kílò ní láti kọ́kọ́ pọn omi kún kóńgò náà, kí ó sì wọ̀n ọ́n, kí ó yọ ìwúwo kóńgò òfìfo kúrò. Bí omi bá jẹ́ kílò 1.5, àyè kóńgò yẹn jẹ́ lítà 1.5. Lẹ́yìn èyí ni yóò nù ún gbẹ, tí yóò bu ìrẹsì sí i, tí yóò fi igi gbá ojú rẹ̀, tí yóò sì tún wọ̀n ọ́n. Bí ìrẹsì bá jẹ́ kílò 1.2, a jẹ́ pé lítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 0.8. Iye ìrẹsì yẹn nìyí. Kò wúlò fún gàrí, kò sì wúlò fún èlùbọ́.

Lórí iyọ̀ ni ìṣirò yìí ti kan ìlera. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5. Ṣíbí kékeré tí ó ń gba mìlílítà 5, bí wọ́n tilẹ̀ gbá ojú rẹ̀, ń gba iyọ̀ lẹ́búlẹ́bú tó nǹkan bí gíráàmù 6. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó rò pé mìlílítà 5 ni gíráàmù 5, ti kọjá ààlà kí ó tó jókòó ti oúnjẹ. Bí ó bá sì bù ú ní òkìtì, ó ti kọjá rẹ̀ jìnnà. Iyọ̀ inú búrẹ́dì àti ti inú mágí kò sì sí nínú ṣíbí yẹn rárá.