Ẹ̀gbọ́n sá, àbúrò wọ igbó: Ogun tó wà lẹ́yìn ìtàn iwin Tutùọlá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Bó bá wá ṣe pé ogun ló pín ọmọ ìyá méjì níyà, tí ẹ̀gbọ́n sá lọ, tí àbúrò wọ aginjù, ta ni yóò ru ẹ̀bi rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló wà nínú ìwé tí olóògbé Amos Tutùọlá, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, pè ní My Life in the Bush of Ghosts, èyí tó jáde lọ́dún 1954.

Ọmọ ọdún 7 ló ń sọ ìtàn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ìyá wọn ti lọ sọ́jà nígbà tí àwọn akónilẹ́rú dé. Àwọn orogún ìyá wọn gbọ́ pé ogun ń bọ̀, wọ́n kó ọmọ tiwọn sá, wọn kò sì ta àwọn méjèèjì lólobó. Ẹ̀gbọ́n gbìyànjú láti gbé àbúrò rẹ̀ sá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò gbé e. Ó fi í sílẹ̀ sábẹ́ igi eléso kan. Ẹ̀rù ìbọn ló lé ọmọ yìí wọ igbó iwin, ọdún 24 ló sì lò níbẹ̀. Ní àtẹ́lẹwọ́ abo iwin kan ló ti padà rí ìyá rẹ̀, bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn.

Fún ará Yewa, èyí kì í ṣe àlọ́ lásán. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì pa Òkè-Ọ̀dàn run ní 1848. Wọ́n kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, Abẹ́òkúta sì lé wọn padà. Ní 1886, wọ́n kó Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Igbó ni àwọn ènìyàn ń sá wọ̀ nígbà náà. Igbó kan náà tó gba ènìyàn lọ́wọ́ akónilẹ́rú ni ebi, ejò àti ẹranko wà. Láàárín 1892 sí 1894 ni àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì. Orúkọ Ayétòrò nìkan tó láti sọ ohun tí ojú àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti rí.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí Tutùọlá, ọdún 34 péré lẹ́yìn tí Kétu fọ́. Àwọn àgbà tó fojú rí ogun ṣì wà láyé nígbà tó wà lọ́mọdé. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn.

Ibi tí ìwé náà ti dunni jù ni ìgbà tí ọmọ yìí jáde nínú igbó. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n sì tà á fún olówó kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni olówó yìí! Egbò ti bo àbúrò lára, ẹ̀gbọ́n kò sì dá a mọ̀, ó ń fìyà jẹ ẹni tó ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Orin tí àbúrò kọ nípa èso tí wọ́n fi pínyà ló jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Tutùọlá kò dá ọmọ ọdún 11 tó sá lẹ́bi. Ìkórìíra inú ilé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí, nítorí àwọn orogún tí kò sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ti ọmọ náà sínú igbó. Ẹ̀yin òbí àti alàgbà, bí ẹ bá mọ ẹni tí ogun gbé lọ nínú ìdílé yín, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ.