Láti Ahéré Ìjàgbà dé Aṣálẹ̀ Arizona

Ọdẹ ilẹ̀ wa kì í mú ìyàwó dání lọ ṣọdẹ. Ní Ìjàgbà, àti ní gbogbo ìlú tó wà lágbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni ọkùnrin ń gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká, tí ń de iná mọ́ iwájú orí, tí ń wọgbó lóun nìkan tàbí pẹ̀lú ẹnìkejì tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ará ilé tó ń mọ̀ bóyá ẹtu ló pa, bóyá ọ̀yà ni, tàbí bóyá ọwọ́ òfo ló bá wálé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni bàbá, ìyá àti ọmọ ti jọ ń sun ìgbẹ́ nílẹ̀ wa, tí wọ́n jọ ń jẹ ẹran tí wọ́n fọwọ́ ara wọn mú, ahéré ni mo máa ní kó lọ. Nígbà ìkórè, odidi ìdílé lè wà lóko fún ọjọ́ mélòó kan. Bàbá á lọ yẹ tàkúté wò kí ìrì tó gbẹ, àwọn ọmọkùnrin á máa gbẹ́ ihò òkété, ajá á máa gbó, ìyá á ti gbé omi kaná. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ ipasẹ̀ ọ̀yà yàtọ̀ sí ti ẹtu. Ibẹ̀ náà ló ti ń mọ̀ pé bí bàbá bá ti na ọwọ́ sẹ́yìn, kí kálukú dákẹ́.

Ẹni tó ti sun ahéré rí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nípa aṣálẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Arizona àti New Mexico. Lọ́dọọdún, bí ooru bá ti rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ máa ń di ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n á wa ọkọ̀ kọjá ibi tí ọ̀dà títì parí sí, wọ́n á pàgọ́, wọ́n á sì ṣọdẹ tìyá-tọmọ.

Bí a bá ti dárúkọ aṣálẹ̀, yanrìn Sàhárà ló máa ń wá sọ́kàn wa. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣálẹ̀ Sonora tó yí ìlú Tucson ká ní igi, ó ní òkè, ó sì ń hu koríko lẹ́yìn òjò. Omi ló wọ́n níbẹ̀: òjò odidi ọdún kan ní Tucson kò ju nǹkan bíi 300 mílímítà lọ, nígbà tí tiwa níhìn-ín ju 1,000 lọ dáadáa. Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní saguaro. Kò léwé, ẹ̀gún ló fi bora, inú ara rẹ̀ ló ń tọ́jú omi òjò sí. Ó lè ga ju mítà 12 lọ, bẹ́ẹ̀ ló lè lo nǹkan bí 70 ọdún kó tó yọ apá kan ṣoṣo. Àwọn Tohono O'odham, tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ti ń sun ìta níbẹ̀ tìdílé-tìdílé láti ayébáyé. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn bá le jù, wọ́n á kó lọ sí àgọ́ ìkórè, wọ́n á fi ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi igi inú saguaro gbígbẹ ṣe já èso orí rẹ̀, wọ́n á sè é títí á fi ki bí oyin, wọ́n á sì fi nínú rẹ̀ pọn ọtí tí wọ́n fi ń tọrọ òjò. Ará Ìjàgbà tó bá dé àgọ́ yẹn á mọ̀ pé ahéré lòun wà.

Iṣẹ́ ọdẹ gan-an ló yàtọ̀. Nínú igbó tiwa, etí ni ọdẹ fi ń ṣiṣẹ́ jù, torí ewé kì í jẹ́ kí ojú ríran jìnnà. Ẹ̀ka gbígbẹ tó dá, ẹyẹ tó ké lójijì, ìró ẹsẹ̀ tó dúró lẹ́ẹ̀kan náà: ìwọ̀nyí ló ń sọ fún un pé ẹran wà nítòsí. Ní aṣálẹ̀, ojú ni iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, ìdílé á ti gun òkè, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé awò tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ni sójú, wọ́n á sì máa wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kejì fún wákàtí méjì, mẹ́ta, láìdìde. Ẹran tí wọ́n ń wá lè jẹ́ àgbọ̀nrín kékeré tí wọ́n ń pè ní Coues. Kò tóbi ju ìgalà wa lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti òkúta mu débi pé bí kò bá mi etí, ojú á kọjá lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ javelina, tí ẹni tó bá mọ túùkú máa pè ní túùkú, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọmọ ìyá ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Agbo-agbo ló ń rìn, òórùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀, ó sì ń jẹ igi ẹlẹ́gùn-ún tòun ti ẹ̀gún. Àwọn ọmọ kéékèèké sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ehoro àti ẹyẹ kan tó jọ àparò, tí ìyẹ́ dúdú kan ró níwájú orí rẹ̀.

Ohun tó máa ya ọdẹ Ìjàgbà lẹ́nu jù nìyí: iná orí, tó jẹ́ ẹ̀mí iṣẹ́ wa, ọ̀ràn ni níbẹ̀. Òfin Arizona kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi iná pa àgbọ̀nrín lóru. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ìbọn á sinmi, ìdílé á yí iná ká, àgbà á máa pìtàn. Kò sì sẹ́ni tó kàn ń gbé ìbọn jáde nílé. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹran ìgbẹ́ ní Arizona ń ka ẹran, nígbà mìíràn láti inú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á sì pinnu iye tí wọ́n lè pa ní agbègbè kọ̀ọ̀kan lọ́dún náà. Ọdẹ á kọ̀wé béèrè, wọ́n á ṣẹ́ kèké. Ẹni tí kèké bá mú á gba ìwé tí yóò so mọ́ ẹran kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá mú á dúró di ọdún mìíràn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 kò gbọdọ̀ pa ẹran ńlá. Èyí tó wà láàárín 10 sí 13 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ẹ̀kọ́ ọdẹ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ìbọn kó má baà pa ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ya àwọn àsìkò kan sọ́tọ̀ fún ọmọdé nìkan.

Ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó gbọ́n ní aṣálẹ̀. Ipadò gbígbẹ pọ̀ níbẹ̀, yanrìn inú rẹ̀ tẹ́jú, ó rọ̀, ó sì ń wu àlejò láti pàgọ́ sí. Kò dára. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè tó jìnnà, kí ojú ọ̀run ibi tí ẹ wà mọ́ kedere, kí omi sì ya dé lójijì, kó gbé ọkọ̀ àti àgọ́ lọ. Òfin kan tún wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàgọ́ sí ibi tí kò tó ìdá mẹ́rin máìlì kan, ìyẹn nǹkan bí 400 mítà, sí omi kan ṣoṣo tí ẹran lè rí mu, bí àgọ́ náà bá máa lé wọn sẹ́yìn. Ẹni tó ń pa ẹran lójú mọmọ ni òfin ń sọ fún pé kó jẹ́ kí ẹran mumi. Ní ilẹ̀ wa, nígbà tí odò bá gbẹ ku kòtò-kòtò, ibẹ̀ gan-an la ti ń lúgọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó so Ìjàgbà àti aṣálẹ̀ yẹn pọ̀ jù lọ ni eku.

Kò sí ará Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ̀ tí kò gbọ́ nípa ibà Lásà. Abúlé Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, àmọ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń jìyà rẹ̀ jù báyìí, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ sì wà lára ibi tó ti le jù ní ìpínlẹ̀ náà. Irú eku kan tí abo rẹ̀ ní ọmú púpọ̀ ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń ba gàárì, ìrẹsì àti abọ́ jẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbilẹ̀, nígbà tí oúnjẹ tán nínú ìgbẹ́, tí a sì ń sungbó, tí eku ń sá wọlé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1993, ní ibi tí New Mexico, Arizona, Colorado àti Utah ti pàdé, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀yà Navajo kan, eléré ìje. Ibà ló ń bẹ̀rẹ̀ bí òtútù lásán, láàárín ọjọ́ díẹ̀ omi á ti kún ẹ̀dọ̀fóró. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó kó o nígbà náà ló kú. Àwọn àgbà Navajo ló kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníṣègùn pé bí òjò bá pọ̀ jù, tí èso igi piñon sì so jọjọ, eku máa ń pọ̀, àìsàn á sì tẹ̀ lé e. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé eku ìgbẹ́ kékeré kan ló ń gbé àrùn náà, àrùn hanta. Láti ìgbà yẹn ni ìkìlọ̀ ti wà fún gbogbo ìdílé tó bá fẹ́ sun aṣálẹ̀: ẹ má pàgọ́ sí tòsí ihò eku, ẹ má sùn sórí ilẹ̀ lásán, ẹ de oúnjẹ sínú ike tí eku kò lè jẹ lu. Èyí tó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni pé bí ẹ bá dé ilé ìgbẹ́ tó ti wà ní títì fún oṣù púpọ̀, ẹ má mú ìgbálẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn kí atẹ́gùn wọlé, ẹ jáde kúrò níbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ da omi tí ẹ po mọ́ bílíìṣì sórí ìgbẹ́ eku, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ tó nù ún. Eruku gbígbẹ ni ikú ń gbà wọ imú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí a ṣe ń ṣí ahéré tiwa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ìgbálẹ̀ lohun àkọ́kọ́ tí ìyá ń mú, ọmọ rẹ̀ sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú eruku.

Òfin ọdẹ Arizona tí mo ròyìn lókè kò bọ́ láti ọ̀run. Àwọn ará ibẹ̀ náà ti pa ẹran tán rí. Bí ọ̀rúndún tó kọjá ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ẹran elk, irú àgbọ̀nrín tó tóbi bíi màlúù, ti tán ní Arizona. Ní 1913, ó di dandan kí wọ́n lọ kó òmíràn láti igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Yellowstone, kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin gbé e wá. Títa ẹran ìgbẹ́ lọ́jà wà lára ohun tó fà á, ìdí nìyí tí òfin fi ká ọwọ́ ọjà náà kò láti 1900. Títí dòní, ẹni tó pa àgbọ̀nrín ní Arizona lè jẹ ẹ́, ó lè fún aládùúgbò, kò gbọdọ̀ tà á. Ní 1937, òfin mìíràn ní kí owó orí ìbọn àti ọta máa lọ sí ìtọ́jú ẹranko. Lónìí, ìdá 11 nínú 100 ni lórí ìbọn gígùn àti ọta. Ọdẹ tó ra ọta ti sanwó fún ẹran tí ọmọ rẹ̀ máa pa.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Aldo Leopold, òṣìṣẹ́ igbó ìjọba tó dé Arizona ní 1909. Nígbà náà, ó gbà pé bí a bá pa gbogbo ìkookò tán, àgbọ̀nrín á pọ̀, ọdẹ á sì jayé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìnbọn fún abo ìkookò kan lórí òkè, ó sì sọ̀kalẹ̀ bá a kó tó kú, ó wo ojú rẹ̀. Kò gbàgbé ojú yẹn. Nígbà tó yá, ó rí àwọn òkè tí kò sí ìkookò mọ́, tí àgbọ̀nrín jẹ gbogbo ewé wọn tán, tí ebi wá ń pa àgbọ̀nrín fúnra wọn. Òun ló jà títí ìjọba fi ya igbó Gila sọ́tọ̀ ní New Mexico ní 1924, kí ọ̀nà ọkọ̀ má wọ̀ ọ́. Ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣọdẹ títí ó fi dàgbà. Ní 1998, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba dá ìkookò 11 padà sí Arizona.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé ta ló ń sun ahéré mọ́ lóde òní. Òdodo ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2020, wọ́n yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, lójú ọ̀nà ní Elegbeka, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ tiwa yìí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, wọ́n pa àwọn olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ọ̀pọ̀ ọdẹ tó yẹ kó máa tọpa ìgalà ló ń tọpa ọ̀daràn. Bàbá kò lè mú ọmọ wọgbó tí òun fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ìjọba ló jẹ wá ní ààbò yẹn, kí a má sì dákẹ́ títí a ó fi rí i gbà.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí kò ní kí a dúró de ìjọba. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá fẹ́ ṣí ahéré, omi àti bílíìṣì ni kẹ́ ẹ mú kẹ́ ẹ tó mú ìgbálẹ̀. Bí ibà bá mú ọmọ, tí oògùn ibà kò sì ràn án, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ kíákíá, torí Lásà ní ìtọ́jú bí a bá tètè dé. Ẹ̀yin ọdẹ Ìjàgbà, ẹ ra ìwé kan sí ilé olórí ọdẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó bá pa ẹran kọ ọ́ síbẹ̀: irú rẹ̀, akọ tàbí abo, bóyá ó lóyún, ibi tí ẹ ti pa á, oṣù wo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí tó wọlé, kí ẹ lè mọ ẹran tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀.