Bíréékà Tí Kò Já

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a kó dé ilé tí a háyà ní Ìbàdàn, iná gbé ìyàwó mi nílé ìwẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan irin ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná. Ó kígbe, ó sì ṣubú sẹ́yìn. Orí ló kó o yọ. Nígbà tí mo sáré dé ìdí àpótí iná, kò sí bíréékà kan tí ó já níbẹ̀.

Mo ti gbé ẹ̀bi ka bíréékà lórí kí àgbà oníṣẹ́ iná tí a pè tó dé. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ má bínú sí i. Wáyà ni wọ́n ní kó máa ṣọ́, wọn kò fi ènìyàn lé e lọ́wọ́.”

Òtítọ́ ni. Bíréékà kékeré tí ó wọ́pọ̀ nílé wa, tí wọ́n ń pè ní MCB, ní irin pẹlẹbẹ kan nínú tí ń gbóná, tí ń tẹ̀, bí ẹrù iná bá pọ̀ jù. Ó tún ní wáyà wíwé tí ń di òòfà, tí ń já a lójú ẹsẹ̀ bí wáyà méjì bá fara kanra. Tiwa jẹ́ áḿpíà 20. Iná tí ó lè dá ọkàn ènìyàn dúró kò tó áḿpíà kan rárá. Lójú bíréékà wa, ìyàwó mi kò ju gílóòbù kan lọ.

Lẹ́tà ara rẹ̀ náà ní ìtumọ̀. B ń já lójú ẹsẹ̀ bí iná bá di ìlọ́po 3 sí 5 iye tí wọ́n kọ sí i. C ń fara dà á di ìlọ́po 5 sí 10, nítorí náà òun ló bá ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga mu, torí pé iná púpọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn fi ń gbéra. Ọ̀pọ̀ wa, bí bíréékà bá ń já ṣáá, èyí tí ó tóbi jù ú lọ la ó rà. Mo ti ṣe é rí. Bí wáyà tí ó yẹ fún áḿpíà 20 bá wà lábẹ́ bíréékà áḿpíà 40, wáyà ni yóò kọ́kọ́ jóná nínú ògiri.

Èyí tí ń ṣọ́ ènìyàn ni RCD. Ó ń fi iná tí ó jáde wé èyí tí ó padà. Bí mílíáḿpíà 30 péré bá gba ara ènìyàn wọ ilẹ̀ lọ, yóò já kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé. Ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí ẹrù pọ̀ jù, nítorí náà MCB gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. RCBO ni ó so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Onílé ní iná kò gbé òun rí nínú ilé náà. A fi owó ara wa rà á. Àgbà náà so wáyà ilẹ̀, tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mọ́ ẹ̀rọ omi gbígbóná, ó fi RCD sí i, ó sì fi bọ́tìnì T hàn wá, pé kí a máa tẹ̀ ẹ́ lóòrèkóòrè láti dán an wò. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ilé ṣókùnkùn. Ó ní kí n tàn án padà, kí òun tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.