Ọwọ́ Ta Ni Ó Kọ Ìwé Náà?

Ẹni tí ó bá ti gba lẹ́tà láti ilé rí mọ̀ pé kí a tó tú u ni ojú ti máa ń dá ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ mọ̀. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó tú àdìtú ńlá kan ní ilẹ̀ Ítálì.

Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé Yúróòpù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ. Adàwékọ kan a fo ọ̀rọ̀, òmíràn a fi tirẹ̀ kún un. Báwo ni a ó ṣe wá mọ ohun tí òǹkọ̀wé gan-an sọ? Dante, àgbà akéwì tí ó kú ní 1321, kò fi ewé kan ṣoṣo tí a mọ̀ sí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ti Giovanni Boccaccio yàtọ̀. Òun ni ó kọ Decameron, ìwé ìtàn 100. Nínú rẹ̀, obìnrin méje àti ọkùnrin mẹ́ta sá fún àjàkálẹ̀ àrùn tí ó jà ní Florence ní 1348, wọ́n sì ń pàtàn fún ara wọn. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní Berlin tí a ń pè ní Hamilton 90, nítorí pé lọ́wọ́ ìdílé ọlọ́lá Hamilton ti Scotland ni ìjọba Prussia ti rà á ní 1882. Àwọn ewé kan ti sọnù nínú rẹ̀, àṣìṣe sì wà níbẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi kà á sí iṣẹ́ adàwékọ lásán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Vittore Branca kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun àti Pier Giorgio Ricci gbé lẹ́tà inú rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé tí ó dájú pé ọwọ́ Boccaccio ni ó kọ wọ́n. Ní 1962, wọ́n kéde pé Boccaccio fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́, ní nǹkan bí 1370, nígbà tí ó ń sún mọ́ ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní 1976, Branca gbé Decameron jáde ní títẹ̀ lé ìwé náà.

Àwọn àṣìṣe náà ńkọ́? Òǹkọ̀wé tí ń da ìwé ara rẹ̀ kọ pàápàá a máa ṣì í kọ. Ohun tí àwọn ènìyàn fi kọ ìwé náà sílẹ̀ kò sọ pé kì í ṣe tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé àwọn kan tọ́jú ògbólógbòó ìwé tí ewé rẹ̀ kò pé yìí, kí ni Branca ì bá rí yẹ̀ wò?